Pẹ́dà Òsì

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè fi etí gbọ́ ibi tó ń dun kẹ̀kẹ́, ọkùnrin tí mò ń sọ yìí lẹ ń wá. Wọn á gbé kẹ̀kẹ́ ológeere wá bá a, á gbé ìdí rẹ̀ sókè, á na táyà ẹ̀yìn kó máa yí, á wá dẹtí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ṣòfófó aládùúgbò fún. Nígbà tó bá tún un ṣe tán, á tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, á wo ríìmù bó ṣe ń sáré láàrin rọ́bà búréèkì méjèèjì, á ní, "Kò mì!" Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe di orúkọ mọ́ ọn lórí nìyẹn. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Bàbá Kòmì. Ìyàwó rẹ̀ náà di Ìyá Kòmì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà kò fọwọ́ kan súpánà rí lójú gbogbo ayé.

Lójú gbogbo ayé ni mo wí. Ẹ fi ìyẹn sí apá kan ná, a ó padà débẹ̀.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lójú títì, tí àwọn èwe ń gun èyí tó fúyẹ́ bí àga ike, Bàbá Kòmì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó kó gbogbo ẹrù iṣẹ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Ó kan pátákó gbàràmù kan mọ́ ògiri, ó to súpánà rẹ̀ sórí rẹ̀ láti orí kékeré dórí ńlá, ó sì fi ọ̀dà funfun ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan yí i ká kí irinṣẹ́ kankan má baà ṣìlé. Ẹ̀mú ní ilé tirẹ̀, òòlù ní tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fa sípóòkù náà ní tirẹ̀. Àwọn agolo wà nílẹ̀ lábẹ́ pátákó: bóòlù kéékèèké tí ń bẹ nínú ìdí táyà, nọ́ọ̀tì tí wọn kò rọ irú rẹ̀ mọ́, rọ́bà búréèkì, ègé túbù gbígbó tí wọ́n fi ń lẹ ihò, sáńpépà, àti sọlúṣọ̀n tí òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Ìdí ṣíbí méjì tó ti lù pẹlẹbẹ ló fi ń yọ táyà kúrò lára ríìmù. Abọ́ omi kan sì wà tó fi ń wá ibi tí túbù ti jò. Ìyá Kòmì kò gbọ́dọ̀ fọ nǹkan kan nínú abọ́ náà, ì báà jẹ́ pé kò sí abọ́ mìíràn nílé.

"Dúdú," Bàbá á sọ fún un, "ọjọ́ tí irinṣẹ́ wọ̀nyí bá kúrò lára ògiri yìí, kí ẹ yáa lọ wá pósí."

Dúdú ló ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, nítorí ara rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Ìyá Kòmì á dáhùn pé, "Ẹ má fi ara yín ré, Bàbá." Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọkọ òun kò ṣàwàdà. Bàbá Kòmì kì í mutí, kì í ta káàdì, kì í bá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ òṣèlú. Bí ẹ bá gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un mọ́.

Ìgbàgbé kò wá pẹ̀lú ariwo nígbà tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì nígbà tí gíláàsì wà lójú rẹ̀, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín, nítorí ta ni irú rẹ̀ kì í ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Kòmì ṣí ìkòkò tó fẹ́ fi se ẹ̀wà, ó bá ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó ń hó nínú omi. Ìyẹn náà, ó rẹ́rìn-ín sí i. Èyí tí kò ṣeé rín ni ti rọ́bà búréèkì. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ti ń wò ó bọ̀ láti ọdún gbọọrọ, ló bá rí i tó ki ìka bọ agolo gíríìsì, tó ń fi pa rọ́bà búréèkì, tiwájú tẹ̀yìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń pa ìpara fún ọmọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ju bàbá yìí lọ pé ẹni tó bá fi gíríìsì sí búréèkì, ikú ló ta ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ náà fún.

Nígbà tí Bàbá jẹun ọ̀sán tán, tó lọ dùbúlẹ̀, obìnrin náà mú àkísà àti kẹrosíìnì, ó nu rọ́bà méjèèjì, ó fi sáńpépà ha wọ́n títí wọ́n fi mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ méjì ló ń lọ lórí kẹ̀kẹ́ kan náà nínú ilé yẹn. Bàbá á ṣe é láàárọ̀, Ìyá á tún un ṣe lọ́sàn-án. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá tó ti gbó, á yẹ nọ́ọ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á fa ṣéènì wò, á fẹ́ táyà tí Bàbá gbàgbé láti fẹ́. Bó bá parí, á fi iyanrìn àti ọṣẹ fọ ọwọ́ títí èékánná, á dá súpánà kọ̀ọ̀kan padà sínú àwòrán rẹ̀. Nígbà tí Bàbá bá jí, á bá a lórí àpótí tó ń ṣa ẹ̀wà tí ó ti ṣà tán láàárọ̀.

Kí ló dé tó fi ń ṣe é ní bòókẹ́lẹ́? Ọ̀kan ni pé ojú yóò ti Bàbá pa. Èkejì ni ọmọ wọn. Àkọ́bí wọn yìí, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn ńlá, ó sì ti rí ohun tí ìgbàgbé ń sọ àgbàlagbà dà. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, lọ́jọ́ kan Bàbá máa tún kẹ̀kẹ́ kan ṣe tó máa ṣe èèyàn léṣe. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ irú ẹ̀, màá kó gbogbo irin yẹn kúrò nílé yìí." Ìyá mọ ọmọ tó bí, ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó ti jáde nìyẹn. Nítorí náà, bí ọmọ bá wá kí wọn, ìyá á ya òpè. Á gbé túbù sókè, á bi í pé, "Ṣé táyà lẹ ń pe èyí ni?" Ọmọ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ ẹ̀tàn náà ṣe ju bó ti yẹ lọ, ẹ ó sì rí ohun tó fi jẹ.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni kò rí kọ́ láti orí àpótí ẹ̀wà rẹ̀, ìyẹn ni ti pẹ́dà. Gbogbo ọmọṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Kòmì, pẹ́dà ló ń kọ́ wọn kẹ́yìn, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tú wọn sílẹ̀. Á ní kí gbogbo èèyàn jáde, á ti ilẹ̀kùn, á kẹ̀yìn sí fèrèsé, á fi nǹkan han ọmọ náà, á wá sọ fún un pé, "Ó ti parí. O lè máa lọ ilé ẹ." Àṣà yìí ti wọ̀ ọ́ lára débi pé, nínú ilé ara rẹ̀ pàápàá, bó bá kan pẹ́dà, á yí àga padà, á kẹ̀yìn sí ìyàwó. Fáàrí àwọn ọ̀gá lásán ni Ìyá Kòmì ka gbogbo rẹ̀ sí. Kí ló wà nínú pẹ́dà ju irin tí wọ́n ń dè mọ́ ihò?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí Oníbúrẹ́dì fi gbé kẹ̀kẹ́ dé. Ọkùnrin yìí ló kù nínú àwọn oníbàárà àtijọ́. Láti ilé ìyan búrẹ́dì ló ti máa ń fi kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì kiri ojúlé, kí àwọn èèyàn tó jí.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ lórí àwọn pẹ́dà yìí. Mo ti rí àlòkù méjì tó dáa. Lẹ́tà tó ń fi òsì àti ọ̀tún hàn lára wọn ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fún mi so aṣọ pupa mọ́ ti ọ̀tún."

"Ìwọ wo nìyí?"

"Oníbúrẹ́dì ni, Bàbá."

"Ta ló bi ẹ́? Ṣé mo ní n ò mọ̀ ẹ́ ni? Gbé e kalẹ̀."

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín, Ìyá Kòmì náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà wà nílẹ̀, níbi ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Sálúbàtà òsì wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti ọ̀tún wà ní òsì, bàbá sì ń rìn kiri nínú wọn láti àárọ̀ láìmọ nǹkan kan.

Bàbá Kòmì dorí kẹ̀kẹ́ kodò, ó fi ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ tẹlẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Ó tú pẹ́dà àtijọ́, ó rẹ àwọn àlòkù sínú kẹrosíìnì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìpẹtà ara wọn, ó fi gíríìsì sí wọn. Ó wá yí àga, ó kẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀, ó ki pẹ́dà méjèèjì bọ ihò wọn, ó fi ìka nìkan yí wọn wọlé. "Wọ́n á kọ́kọ́ mu gíríìsì ná," ó wí. "Bí mo bá jí, màá fi súpánà dè wọ́n." Ó jẹun, ó lọ sùn.

Ìyá Kòmì wọ ṣẹ́ẹ̀tì gbígbó. Ó yẹ búréèkì wò, ó mọ́. Ó fa ṣéènì wò, ó dára. Ó dé ibi pẹ́dà, ó rí aṣọ pupa. Pupa yìí, apá òsì òun gan-an ló wà! Ó rántí sálúbàtà àárọ̀. Ó ní, "Bàbá ti gbé ọ̀tún sí òsì." Bó bá dúró díẹ̀, ì bá rántí pé kẹ̀kẹ́ tó dorí kodò, ọ̀tún rẹ̀ ti bọ́ sí òsì ẹni tó ń wò ó. Ì bá tilẹ̀ wo ṣéènì, nítorí ọ̀dọ̀ ṣéènì ni ọ̀tún kẹ̀kẹ́ máa ń wà, bó dorí kodò, bó dúró lórí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń tún àṣìṣe ẹlòmíràn ṣe fún ìgbà pípẹ́, àṣìṣe lojú rẹ̀ ń wá. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló bá a.

Ó fi ìka yọ pẹ́dà méjèèjì. Ọ̀kan yí sí òsì kó tó jáde, èkejì yí sí ọ̀tún. Ìyẹn yà á lẹ́nu díẹ̀, ó sì fi sí orí ogbó; irin àtijọ́, kálukú ló ní ìwà tirẹ̀. Ó gbé pupa lọ sí ihò kejì, ó gbé èkejì wá sí ti ṣéènì. Wọn kò fẹ́ wọlé. Ó ní ìpẹtà ni. Ó da epo sí i, ó mú súpánà tó gùn jù lọ, ó gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé e, ó ń yí wọn sí ọ̀tún bí gbogbo nọ́ọ̀tì tó ti rí rí. Irin ké wíì. Eérú irin dídán bọ́ sílẹ̀, ó fi àkísà gbá a. Nígbà tó ṣe, pẹ́dà méjèèjì le gbọn-in. Ó tú aṣọ pupa, ó fọ ọwọ́, ó padà sórí àpótí. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Ó rò pé òun ti gba ẹ̀mí kan là.

Bàbá jí. Ó dúró ti kẹ̀kẹ́, ó ń nu ojú.

"Dúdú, ṣé mo ti de àwọn pẹ́dà yìí?"

"Ẹ ti dè wọ́n, Bàbá."

Ó fọwọ́ mì wọ́n, wọn kò mì. Ó yí táyà, ó dẹtí. "Kò mì!" ó wí. Oníbúrẹ́dì wá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ń dúpẹ́.

Ọjọ́ mélòó kan ni pẹ́dà náà fi ara dà á. Lẹ́yìn náà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí afárá, ti òsì fà já kúrò nínú ihò rẹ̀, ẹsẹ̀ Oníbúrẹ́dì kó sínú táyà, kẹ̀kẹ́ sì dà á sílẹ̀ lórí ọ̀dà títì. Egungun itan rẹ̀ dá síbi méjì. Wọ́n ní ṣe ni búrẹ́dì fọ́n ká títì, tí ọkùnrin náà sì ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n bá òun ṣà á. Ta ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn? Ọmọ Bàbá Kòmì ni.

Nígbà tó wá sílé bàbá rẹ̀, kò dá wá. Wẹ́dà tẹ̀ lé e wá, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká. Wẹ́dà yìí, ọ̀dọ̀ Bàbá Kòmì ló ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kó tó lọ máa jó irin pọ̀, kò sì yéé pè é ní ọ̀gá. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tọ́ka sí apá tó ń gbé pẹ́dà òsì.

"Ọ̀gá, ẹ wo eyín inú ihò yìí. Ó ti jẹ tán. Pẹ́dà ọ̀tún ni wọ́n fi tipátipá tì bọ ihò òsì."

Bàbá Kòmì ki ìka bọ ihò náà, ó yí i ká nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ le. "Ta ni aláìmọ̀kan tó ṣe èyí?"

Wẹ́dà wo ilẹ̀. Ọmọ wọn ló dáhùn. "Ẹ̀yin ni, Bàbá. Kẹ̀kẹ́ Oníbúrẹ́dì nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe."

"Èmi?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi," Wẹ́dà wí. "Pẹ́dà òsì nìkan ló ń yí sí òsì kó tó dè. Ẹ ní tí mo bá gbàgbé gbogbo nǹkan, kí n má gbàgbé ìyẹn."

Ìyá Kòmì gbọ́ ọ. Ó rí ìka ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀kan tó yí sí òsì, ọ̀kan tó yí sí ọ̀tún. Ó rí eérú irin lórí àkísà. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá ṣe láti ọjọ́ tí ìgbàgbé ti dé, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe láìṣìṣe rárá lòun lọ tú.

"Èmi ni," ó wí.

Ojú Bàbá ni gbogbo wọn ń wò.

"Mo ní èmi ni! Bàbá ṣe é dáadáa. Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tí wọ́n sùn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ọmọ rẹ̀ wí.

"Mo ti ń ṣe é tipẹ́. Ọ̀sán ni mo máa ń ṣe é."

"Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ túbù yàtọ̀ sí táyà?"

Ìyá Kòmì sáré lọ síbi pátákó, ó já súpánà kan, ó kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ láti fi hàn wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ẹnu súpánà ń yọ̀ kúrò lórí nọ́ọ̀tì, ó gbé e, ó yọ̀, ó tún gbé e, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún, ó gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn. "Ẹ má ṣe báyìí mọ́, Màmá. A mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wọn."

Bàbá Kòmì bẹ̀rẹ̀, ó mú súpánà nílẹ̀. "Dúdú, ó tó. Má purọ́ nítorí mi. Mi ò tíì di ọmọ tí wọ́n ń bá ru ẹ̀bi ẹ̀." Ó lọ síbi pátákó, ó wò ó títí, ó fi súpánà kọ́ sínú àwòrán òòlù. Kò mọ̀. Gbogbo wọn rí i. Ó wá jókòó, ó ní, "Ẹ kó wọn lọ."

Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìn ìhòòhò wọjà. Ní ọjọ́ kejì, Wẹ́dà gbé ọmọlanke wá, ó kó súpánà, ẹ̀mú, òòlù, agolo lóríṣiríṣi, ìdí ṣíbí méjèèjì, títí kan abọ́ omi. Ó ń kó wọn bí ẹni ń kó ẹrù òkú, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán funfun ló kù lára pátákó.

Ìyá Kòmì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó dúró létí bẹ́ẹ̀dì Oníbúrẹ́dì, ẹni tí wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ọkùnrin náà dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Màmá, kí Ọlọ́run fún èmi náà ní irú ìyàwó báyìí. Ẹ sọ fún Bàbá pé mi ò bínú." Àwọn aláìsàn tó wà nítòsí ń mi orí, wọ́n ń yìn ín. Ó ti hu ìwà ìkà, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́ ìfẹ́. Èébú ì bá sàn fún un.

Ó gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà. Wẹ́dà yọ gíláàsì dúdú ojú rẹ̀, ó fi àga fún un. Ó sọ fún un nípa aṣọ pupa, nípa irin tó ké, nípa eérú dídán tó gbá. Wẹ́dà gbọ́ ọ dé òpin, ojú rẹ̀ sì yí padà, nítorí ẹni tí kò ṣe é rí kò lè mọ̀ pé eérú irin máa ń bọ́.

"Mo gbà yín gbọ́, Màmá," ó wí níkẹyìn.

"Ọpẹ́ o! Bá mi sọ fún ọmọ mi. Kó dá irinṣẹ́ padà fún bàbá ẹ̀."

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní tipẹ́ lẹ ti ń tún iṣẹ́ wọn ṣe?"

"Tipẹ́ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀?"

Obìnrin náà la ẹnu láti dáhùn, ó sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Rọ́bà búréèkì ló rí, àti ìka tó kún fún gíríìsì.

"Tí mo bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé òótọ́ lẹ sọ," Wẹ́dà wí, "màá sọ ìyẹn náà fún un. Ẹ sọ fún mi, Màmá, ṣé á dá wọn padà?"

Ìyá Kòmì dìde. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó rí àwọn agolo ọkọ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Kò bèèrè fún nǹkan kan. Ó rọra rìn lọ sílé.

Bàbá Kòmì kì í sùn lọ́sàn-án mọ́. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, á dojú kọ ògiri. Gbogbo nǹkan ti ń já bọ́ lọ́kàn rẹ̀, orúkọ ọmọ, bóyá òun ti jẹun, ọ̀nà yàrá. Ẹyọ ọ̀kan péré ló dúró, èyí tó burú jù lọ. "Dúdú," á ní, "ta ló de pẹ́dà ọmọ yẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí o ò mú súpánà rí." Á rẹ́rìn-ín, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Èmi ni. Wọ́n ní èmi ni." Bó bá sunkún tán, á dákẹ́, kò sì ní pẹ́ tí á tún bi í. Ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń jẹ́wọ́, ojoojúmọ́ ni kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìgbà mìíràn wà tó ń wù ú pé kó ní "Mi ò mọ̀," kí ilé sinmi. Kò sọ ọ́ rí. Ohun tó kù tó lè ṣe fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tutù. Bàbá bi í bó ti ń bi í, ó sì dáhùn bó ti ń dáhùn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni lóòótọ́?"

"Èmi ni, Bàbá." Ó sún mọ́ ọn.

"A jẹ́ pé ẹ̀bi mi ni. N ò tíì kọ́ ẹ." Ó wo ẹ̀yìn wò. "Ti ilẹ̀kùn."

Ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá yí àga, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Ó mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ká ìka rẹ̀ mọ́ súpánà tí kò sí níbẹ̀, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ tirẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

"Ohun gbogbo lára kẹ̀kẹ́, ọ̀tún lo máa yí i sí kó tó dè. Pẹ́dà òsì nìkan ni òsì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún lá máa tú u díẹ̀díẹ̀, kò sì ní mọ̀ títí á fi ṣubú." Ó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sí òsì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ó fi dá a lójú pé ó ti mọ̀ ọ́n. "Má gbàgbé o."

"Mi ò ní gbàgbé."

"Ó dáa." Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ẹ̀rín ọ̀gá sí ọmọṣẹ́ tó gbọ́n. "Ó ti parí. O lè máa lọ ilé ẹ."

Ìyá Kòmì dúró, kò mọ ibi tó máa gbà. Bàbá tún wò ó, ó rí i pé kò tíì lọ, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Àbí ilé yín jìnnà síbí?"

"Kò jìnnà, Ọ̀gá," ó wí.